Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ìkórìíra Júù Òde Òní Mọ̀, Kí Ẹ sì Là Á Yé Ẹlòmíràn

Ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn kì í yé bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́: "Tí mo bá ní ohun tí ìjọba Ísírẹ́lì ń ṣe kò dára, ṣé mo ti kórìíra Júù nìyẹn?" Èkejì: "Ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò kan ránṣẹ́ pé àwọn Júù ló ń darí ayé. Ó kọ mí lóminú, àmọ́ mi ò mọ ohun tí màá sọ." Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ ni rárá, àmọ́ ó níbi tó ti lè di bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì ló gba àlàyé púpọ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó gbéra. Ọ̀pọ̀ ìkórìíra máa ń fojú tín-ín-rín ẹni tí wọ́n kórìíra: wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, wọ́n á ní òpè ni. Ti Júù gba ọ̀nà mìíràn yọ. Wọ́n á ní ó gbọ́n jù, ó lówó jù, ó lágbára jù, ó sì ń lo agbára náà lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ kì í fi í mọ̀ pé ìkórìíra lòun ń tàn. Lójú tirẹ̀, àṣírí ló tú. Tó bá jẹ́ èébú nìkan lẹ̀ ń wá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á kọjá lójú yín.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya orúkọ sọ́tọ̀

Èdè wa fúnra rẹ̀ ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ níbí. "Ọmọ Ísírẹ́lì" tí à ń kà nínú Bíbélì, "ọmọ Ísírẹ́lì" tó ní ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè náà lónìí, àti "Júù", ẹnu kan náà la fi ń pè wọ́n. Ẹ yà wọ́n báyìí:

- Júù: ẹni tó wá láti ìran Júù tàbí tó gba ẹ̀sìn wọn. Gbogbo wọn láyé jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 sí 16, ìyẹn bí ènìyàn méjì nínú 1,000. Èyí tó ju ìdajì wọn lọ kì í gbé Ísírẹ́lì.
- Ọmọ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì: nínú márùn-ún wọn, bí ẹnì kan jẹ́ Lárúbáwá, kì í ṣe Júù rárá.
- Ìjọba Ísírẹ́lì: àwọn tí wọ́n dìbò yàn. Lọ́dún 2023, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ orílẹ̀-èdè náà ló ń tú jáde sójú títì lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láti takò ó.
- Zionist: ẹni tó gbà pé ó tọ́ kí àwọn Júù ní orílẹ̀-èdè tiwọn. Àwọn Júù kan wà tí kò fara mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ Kristẹni sì wà tó fara mọ́ ọn.

Ìkìlọ̀: ẹ máa pàdé ẹni tó máa sọ pé àwọn Júù òde òní kì í ṣe Júù gidi, pé òyìnbó ajórúkọ-mọ́lórúkọ ni wọ́n. Ẹ rán an létí àwọn Júù Yemen, ti Ìráákì, àti ti Etiópíà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1991, láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan àbọ̀, ọkọ̀ òfuurufú kó Júù Etiópíà tó ju 14,000 lọ sí Ísírẹ́lì. Adúláwọ̀ ni gbogbo wọn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá egungun tó wà nínú ìtàn náà

Aṣọ tí irọ́ yìí ń wọ̀ máa ń yí padà lásìkò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ egungun rẹ̀ kì í yí. Ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe máa fọwọ́ tẹ egungun náà, ẹ ò ní nílò láti há gbogbo irọ́ sórí.

1. Agbára ìkọ̀kọ̀. Wọ́n á ní àwọn Júù kan ń ṣèpàdé lóru láti pín ayé. Ìwé kan tó ń jẹ́ The Protocols of the Elders of Zion ló gbé èyí lárugẹ jù. Ìwé ìròyìn kan ní Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1903. Lọ́dún 1921, ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Faransé kan tó jáde lọ́dún 1864, ó sì hàn pé ṣe ni wọ́n da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, láti ìpínrọ̀ dé ìpínrọ̀. Ọba Faransé ni ìwé àkọ́kọ́ ń bá wí. Kò sí Júù kankan nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Eléyìí, ó ku ọdún méjì kó pé ogún tí òtítọ́ fi bá a, síbẹ̀ ó ṣì ń sáré: Henry Ford fi ìwé ìròyìn rẹ̀ tan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ká Amẹ́ríkà láti ọdún 1920, kó tó tọrọ àforíjì lọ́dún 1927. Ẹgbẹ́ Hamas náà dárúkọ ìwé ọ̀hún gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nínú ìwé òfin wọn ti ọdún 1988.
2. Owó. Gbogbo báǹkì, gbogbo gbèsè, gbogbo ọ̀wọ́n gógó: Júù ló wà nídìí ẹ̀. Rothschild, ìdílé Júù kan tó ní báǹkì, ni orúkọ tí wọ́n máa ń dá jù.
3. Ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Láti Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń fẹ̀sùn kan Júù pé wọ́n pa ọmọ kan ṣètùtù, látàrí ọmọkùnrin kan tó kú lọ́dún 1144. Lónìí wọ́n á ní "àwọn alágbára kan" ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọdé mu kí wọ́n má baà darúgbó. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Egungun kan náà ni.
4. Ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n á ní Júù kì í ṣòótọ́ sí ìlú tó ń gbé. Ilé ẹjọ́ ológun Faransé dá Alfred Dreyfus, ọ̀gá ọmọ ogun kan tó jẹ́ Júù, lẹ́bi lọ́dún 1894 pé ó ta àṣírí ìlú fún Jámánì. Ọdún 1906 ni wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ mọ́.
5. Ẹ̀bi àjogúnbá. "Júù ló pa Jésù." Èyí ló máa ń le jù láti bá ẹlẹ́sìn sọ, nítorí ó rò pé Bíbélì lẹ ń bá jà. Ẹ rọra. Ẹ bi í léèrè pé kí ni Màríà, kí ni Pétérù, kí ni Jésù fúnra rẹ̀? Ìjọba Róòmù ló ń kan ènìyàn mọ́ àgbélébùú, Pílátù ará Róòmù ló sì pàṣẹ. Lọ́dún 1965, ìjọ Kátólíìkì kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé a kò lè di ẹ̀bi náà ru gbogbo Júù ìgbà yẹn, ká má tilẹ̀ wá sọ ti òde òní.

Ẹ ṣọ́ra fún ìyìn náà. "Àwọn Júù mọ owó í ṣe, kò sí bí o ṣe máa rí Júù kó má lówó." Ẹni tó sọ ọ́ rò pé òun ń kí wọn ni. Àmọ́ egungun kejì ló gbé sọ́rùn, ọjọ́ tí nǹkan bá sì gbóná, ìyìn yẹn gan-an ló máa di ẹ̀sùn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Tó bá kan ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lórí ibi tí ààlà wà. Ìtumọ̀ ìkórìíra Júù kan wà tí IHRA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ìrántí ìpakúpa Júù tí à ń pè ní Holocaust, fọwọ́ sí lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ ìjọba ló sì ń lò ó. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rí i pé ó lè pa àwọn tó ń ṣàríwísí Ísírẹ́lì lẹ́nu mọ́, ni wọ́n bá kọ tiwọn lọ́dún 2021, tí wọ́n pè ní Jerusalem Declaration. Tí ẹ bá ráyè, ẹ ka méjèèjì. Ní tèmi, ìbéèrè mẹ́rin yìí tó láti fi ṣiṣẹ́ òòjọ́:

1. Ta ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí? Ṣé ìjọba, ọmọ ogun, mínísítà kan? Tàbí "àwọn Júù"?
2. Ṣé ọ̀kan nínú egungun márùn-ún òkè yẹn wà níbẹ̀?
3. Ta ló ń jìyà rẹ̀? Tí wọ́n bá fọ́ fèrèsé sínágọ́gù ní ìlú mìíràn nítorí ogun Gásà, ẹni tí kò fọwọ́ kan ìbọn ni wọ́n fìyà jẹ.
4. Ṣé ẹ máa sọ irú rẹ̀ nípa orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń jagun? "Ẹ dá ogun dúró" yàtọ̀ sí "kò yẹ kí wọ́n wà láyé".

Ẹ fi gbólóhùn méjì yìí wéra:

"Bọ́ǹbù tí ọmọ ogun Ísírẹ́lì ń jù sí Gásà ń pa ọmọdé, ó gbọ́dọ̀ dúró." Àríwísí ni. Ó le, ó lè bí ẹlòmíràn nínú, àmọ́ kò sí ìkórìíra Júù níbẹ̀.

"Pípa ọmọdé ti wà lára àwọn Júù láti ọjọ́ aláyé ti dáyé." Egungun kẹta rèé, ogun Gásà ló fi ṣe aṣọ.

Ìkìlọ̀: ẹni tó ń pe gbogbo ẹni tó bá gbèjà ará Palẹ́sítínì ní ọ̀tá Júù ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni. Tó bá di ọjọ́ tí ìkórìíra gidi dé, kò ní sẹ́ni tó máa dá a lóhùn mọ́. Bákan náà, ẹ má fi èébú Lárúbáwá tàbí Mùsùlùmí gbèjà Júù.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ ẹnà wọn

Orí ayélujára máa ń pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, nítorí náà àwọn tó ń tan irọ́ yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnà sọ ọ́. Díẹ̀ rèé:

- àmì àkámọ́ mẹ́ta lọ́tùn-ún àti lósì orúkọ ènìyàn, láti fi hàn pé Júù ni (ọdún 2016 ni èyí gbòde)
- 88, tó dúró fún "Heil Hitler", ìkíni àwọn Násì tó ṣèjọba Jámánì lábẹ́ Hitler, torí H ni lẹ́tà kẹjọ nínú ábídí òyìnbó
- "globalist", "àwọn tó ń darí ayé", "àwọn ìdílé kan"
- àwàdà nípa mílíọ̀nù 6 àti ààrò iná, tó jẹ́ pé sísẹ́ Holocaust, ìpakúpa tí àwọn Násì fi pa Júù bíi mílíọ̀nù 6, ló wà lẹ́yìn rẹ̀

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi "Júù" rọ́pò ọ̀rọ̀ náà. Tí gbólóhùn náà bá bọ́ sí ọ̀kan nínú egungun márùn-ún láìkọsẹ̀, ẹ ti mú un. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fẹ̀sùn kan ènìyàn. Ẹlòmíràn bí ní 1988, ó fi 88 sí orúkọ rẹ̀, ó tán.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tú àtẹ̀jíṣẹ́ náà palẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó ti pẹ́, torí èmi náà ti gbà á gbọ́ rí: "Júù 4,000 ni kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọlu ilé gogoro méjì ní New York. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

1. Iye yẹn, níbo ló ti wá? Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, iléeṣẹ́ ìjọba Ísírẹ́lì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gba orúkọ nǹkan bí 4,000 ọmọ Ísírẹ́lì tí ẹbí wọn rò pé wọ́n lè wà ní agbègbè ibi tí ìkọlù ti wáyé. Àwọn ẹbí ń wá ènìyàn wọn ni.
2. Níbo ló ti yí padà? Láàárín ọjọ́ díẹ̀, tẹlifíṣọ̀n Al-Manar ti ẹgbẹ́ Hezbollah ní Lẹ́bánónì gbé e jáde pé Júù 4,000 ni kò wá síbi iṣẹ́. "Ọmọ Ísírẹ́lì" di "Júù". "À ń wá wọn" di "wọn ò wá".
3. Kí ló ta kò ó? Ọ̀pọ̀ Júù ló wà lára àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 tó kú lọ́jọ́ náà.
4. Egungun wo ni? Ìkíní àti ìkẹrin, wọ́n so pọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àpẹẹrẹ yìí ni pé kò sẹ́ni tó hùmọ̀ iye náà. Iye gidi ni, wọ́n kàn yí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni. Tí ẹ bá ń yẹ irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí wò, ẹ má kàn béèrè bóyá iye náà wà. Ẹ béèrè pé iye kí ni.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀, ní kọ̀rọ̀

Ẹ má ṣe é lójú gbogbo ẹbí. Àgbà tí ẹ bá já nírọ́ nínú gbàgede máa gbèjà irọ́ náà dọ́jọ́ ikú rẹ̀. Ẹ pè é tàbí kí ẹ kọ̀wé sí òun nìkan. Ó lè lọ báyìí:

— Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo wo fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Ta ló fi í ṣọwọ́ sí yín?

— Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Kí ló dé? Irọ́ ni?

— Ibì kan ló rú mi lójú. Wọ́n ní Júù ló ni gbogbo báǹkì ayé. Ṣé wọ́n dárúkọ báǹkì kan ṣá?

— Wọ́n ń pe Rothschild, Rothschild.

— Iléeṣẹ́ wọn wà lóòótọ́. Àmọ́ báǹkì mẹ́rin tó tóbi jù láyé lónìí, Ṣáínà ni gbogbo wọn wà, ìjọba ibẹ̀ ló sì ni ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀.

— Ẹ̀n-ẹ́n? Ó dáa, ṣùgbọ́n ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù yìí, ẹnì kan ló ń jèrè rẹ̀.

— Òtítọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ó kàn jẹ́ pé tí a bá ní Júù ni, ẹni tó fọwọ́ sí i gan-an á jókòó sílé rẹ̀ máa fi wá rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó pe ẹ̀gbọ́n ní ọ̀tá Júù. Ìbínú rẹ̀ lórí ìyà mẹ̀kúnnù, òótọ́ ni, àbúrò rẹ̀ sì gbà fún un. Àdírẹ́sì tí ó fi ìbínú náà ránṣẹ́ sí ni kò tọ́. Bí ó bá gbéra sọ, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

## Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tàbí kíláàsì lẹ fẹ́ kọ́

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí olùkọ́ gbé àwòrán òkú Holocaust síta ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ̀rù á ba àwọn ọmọ, wọ́n á sunkún, wọn ò sì ní dá fídíò ti ẹ̀gbọ́n yẹn mọ̀ tí wọ́n bá délé. Bí mo ṣe ń tò ó rèé, ní ìjókòó mẹ́ta:

1. Àwọn Júù tó wà láàyè. Ìgbésẹ̀ 1 ni ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí dókítà, awakọ̀, ọmọ ilé ìwé, olùfọkànsìn àti ẹni tí kò gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run.
2. Egungun márùn-ún, kí ẹ tó wá kan Holocaust. Báyìí ni wọ́n á fi mọ̀ pé mílíọ̀nù 6 kò kú lọ́jọ́ kan. Òfin ló kọ́kọ́ dé lọ́dún 1933, tó ń yọ Júù níṣẹ́ ìjọba ní Jámánì. Ọdún mẹ́jọ kọjá kó tó di pé wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún.
3. Òde òní. Ẹ lo Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ọkùnrin kan wọ sínágọ́gù Tree of Life, ó pa ènìyàn 11. Ọmọ ọdún 97 ni ẹni tó dàgbà jù nínú wọn. Kó tó lọ, apànìyàn náà ti kọ ọ́ sórí ayélujára pé HIAS, ẹgbẹ́ Júù tó ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́, ń kó àwọn tó ń ya wọ̀lú láti pa àwọn ènìyàn òun wọlé. Ẹ ní kí àwọn ọmọ sọ egungun tó wà níbẹ̀.

Ohun èlò ọ̀fẹ́ wà fún olùkọ́ lọ́dọ̀ Yad Vashem, ilé ìrántí Holocaust tó wà ní Jerúsálẹ́mù, àti èyí tó wà ní Washington. UNESCO àti OSCE, àjọ tó ń rí sí ààbò ní Yúróòpù, náà jọ ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà kan lọ́dún 2018.

Kí ẹ tó wọ kíláàsì, ẹ yẹ èyí wò:

- Mi ò ní ní kí ọmọ kankan ṣe bí Násì tàbí bí ẹlẹ́wọ̀n nínú eré.
- Àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí mo fẹ́ fi hàn, mo ti kọ irọ́ inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
- Tí Júù bá wà nínú kíláàsì, mi ò ní sọ ọ́ di agbẹnusọ gbogbo ìran rẹ̀.
- Àpótí wà tí wọ́n lè ju ìbéèrè sí láìkọ orúkọ. (Ibẹ̀ ni ìbéèrè gidi ti ń jáde.)

## Àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀

"Lárúbáwá náà jẹ́ Semite, wọn ò lè kórìíra ara wọn." Semite ni orúkọ tí wọ́n ń pe Júù, Lárúbáwá àti àwọn ìran mìíràn tí èdè wọn jọra; ibẹ̀ ni "antisemitism", orúkọ tí òyìnbó ń pe ìkórìíra Júù, ti wá. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ "antisemitism" lárugẹ ní Jámánì lọ́dún 1879, Wilhelm Marr, Júù nìkan ló ní lọ́kàn. Ó fẹ́ kí ìkórìíra náà dún bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí gírámà.

Àṣìṣe ni kí ẹ gbé irọ́ náà síta láti fi bú u. Ẹ ti bá wọn polówó rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ òtítọ́ sókè, kí ẹ wá ṣàlàyé irọ́ náà ní ìsàlẹ̀, láìgbé fídíò náà sí i.

Àṣìṣe ni kí ẹ máa fi ìyà wé ìyà. Òwò ẹrú kò dín Holocaust kù, Holocaust kò sì dín ti Gásà kù.

Àṣìṣe ni kí ẹ bá ẹni tó ń halẹ̀ jiyàn. Tó bá ti dárúkọ ibì kan, ọjọ́ kan, tàbí ohun ìjà, àlàyé ti tán. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, ẹ fi tó ọlọ́pàá àti ìkànnì náà létí, ẹ sì sọ fún àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ bí ẹ bá mọ̀ wọ́n.

## Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi í ránṣẹ́ ńkọ́?

Pípa á rẹ́ nìkan kò tó, torí àwọn tó ti kà á ti kà á. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ nǹkan sí ojú kan náà tí ẹ ti fi í ránṣẹ́. Ẹ má gùn ún, ẹ má ṣàwáwí. Èyí tí èmi kọ nígbà tèmi rèé, ẹ lè yí i sí bó ṣe bá yín mu:

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Júù 4,000 tí mo fi síbí lánàá, irọ́ ni. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti fi í ránṣẹ́ síbòmíràn, kó bá mi fi èyí náà tẹ̀ lé e."